Ìjókòó Ìrọ̀lẹ́ Ní Ilé Ìsinmi

Àtàláátà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, 2024. Òtu.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí débi pé n kò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Mujeebat kò tíì dé. Sátidé ló jáde, ó ní òun fẹ́ kó aṣọ tí òun rán fún oníbàárà kan lọ sí Àgọ́-Àrẹ, òun ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù rẹ̀ kò wọlé láti ọjọ́ náà. Mo pe ẹni tó ni aṣọ. Ó ní aṣọ dé, ìyàwó mi kò tilẹ̀ dúró mu omi.

Dayọ̀, àbúrò rẹ̀, wá lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ní Ilé Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n òun wà, ibùdó kan nínú igbó lẹ́yìn ìlú Ìràwọ̀, àti pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Láti oṣù kọkànlá ló ti ń yà síbẹ̀ tó bá ní òun ń lọ sọ́jà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ń jókòó ni."

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ràmọ́nì, wá bá mi jà. Ó ní irú ọkùnrin wo ló ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sùn sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Mo ní n kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n.

Ó ní, "Ibi tí kì í ṣe mọ́sáláṣí, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í ṣe ojúbọ òrìṣà ẹnì kankan, kí lo fẹ́ kí n pè é?"

Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ wa tó kú ló fà á, pé a jẹ́ kí Mujeebat sunkún jù. Irọ́ ni. Mujeebat kò sunkún. Ọjọ́ tí a sin ọmọ náà, àwọn àgbà obìnrin ní kó má sunkún, kí ẹkún má baà dènà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì ó ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti oṣù kẹsàn-án tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọmọ náà nínú ilé yìí, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń pè mí ní Bàbá Àwáwù ti padà sí "Sámsù onípọ́ǹpù". Ọdún mẹ́jọ la fi wá ọmọ yẹn. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ wa.

Epo bẹntiróòlù ti kọjá ẹgbẹ̀ta náírà ní lítà kan. Síbẹ̀, màá lọ ní Sátidé.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá. Ilé Ìsinmi.

Mo gba Àgọ́-Àrẹ dé Ìràwọ̀. Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹmúyìwá, tí mo tún pọ́ǹpù ṣe fún lọ́dún tó kọjá, ló fi ọ̀nà tó wọ igbó hàn mí. Ó ní, "Wọn kì í lu èèyàn, wọn kì í jalè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọlé ni mo máa ń rí. N kì í rí àwọn tó ń jáde."

Láti Òtu ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé ìyàwó mi ni mo wá mú. Mo dé ibẹ̀, kò sí ẹnubodè, òpó igi méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìyá kan tó ń tiro díẹ̀ jáde wá, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀ níwájú mi kí n fi fọ eruku ẹsẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Màmá Dúróríkẹ́. Kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó ní, "O kú ìrìn, Bàbá Àwáwù."

Ọ̀rọ̀ tí mo tò lẹ́nu tú ká. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fọ ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé kò lè mọ́.

Mujeebat wà lábẹ́ igi igbá pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n ń fọ́ ẹ̀pà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí mi, ẹ̀rín náà dúró, ṣùgbọ́n kò sá. Ó ní, "Ẹ jẹun ná."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá.

Kànga ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Odò ni wọ́n ń pọn, odò náà sì ti ń di ẹrẹ̀. Ó tó ọgọ́ta èèyàn. N kò lè rí bẹ́ẹ̀ kí n máa lọ. Mo tú u, awọ inú rẹ̀ tó ń fa omi ló ti jẹ. Nígbà tí omi yọ, wọn kò pariwo. Wọ́n dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá di ọwọ́ mi mú tòun ti gíríìsì. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Owó ni wọ́n máa ń fún mi, wọ́n á sì sọ pé ó ti pọ̀ jù.

Olórí wọn wá kí mi. Rótìmí lorúkọ rẹ̀, Bàbá Ìsinmi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Mo rò pé màá rí ẹni tó gùn, tó ń bú ramúramù. Èèyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lọ, ó sì ń fi "ẹ" bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, títí dórí ọmọdé. Ó ní, "Ẹ sinmi lọ́jọ́ méjì kí ẹ tó gbé irinṣẹ́. Ó ti rẹ̀ yín, ó sì ti pẹ́."

Òótọ́ ni.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìdínlógún.

Ọjọ́ méjì ti di márùn-ún. Mo ń sọ fún ara mi pé Mujeebat ni mò ń dúró dè.

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe. Láàárọ̀, oko. Lọ́sàn-án, oúnjẹ kan náà fún gbogbo èèyàn. Tí oòrùn bá ti rọ̀, ìjókòó: àwọn ọkùnrin lábẹ́ igi èmì, àwọn obìnrin lábẹ́ igi igbá, ibi tí ẹ̀gbẹ́ kan kò ti lè gbọ́ èkejì. Ẹnì kan á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èèwọ̀ ni láti sọ pé kó mọ́kàn le. Èèwọ̀ ni láti sọ pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Tó bá sọ tán, gbogbo wa á ní, "A gbọ́." Ó parí.

Lánàá, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caleb, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ káàkiri títí dé Ìlọrin, sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò wo aago. Aago pàápàá kò sí. Wọ́n ti gba fóònù wa sínú àpótí kan, wọ́n ní kí etí wa lè sinmi. Wọn kò béèrè ìwé tí mò ń kọ yìí, èmi náà kò sọ.

Àtìní, ọjọ́ kejìlélógún.

Mo sọ ọ́.

N kò gbèrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kàn mí, mo lanu, ó jáde. Mo ní ara ọmọ mi gbóná láti òru. Mo ní Mujeebat pè mí ní aago méje àárọ̀, mo wà ní Àgọ́-Àrẹ nídìí iṣẹ́, ó ní kí n gbé alùpùpù wá ká gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ti tú páìpù sílẹ̀. Mo ní kó máa fi omi tútù nù ún, mò ń bọ̀. Mo parí iṣẹ́ náà. Aago mọ́kànlá ni mo délé. Mo sọ fún Mujeebat pé alùpùpù ló bà jẹ́ lójú ọ̀nà.

Alùpùpù kò bà jẹ́.

Àwọn ọkùnrin bí ogún ló jókòó yí mi ká. Wọ́n ní, "A gbọ́." Bàbá Ìsinmi gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàlélógún.

Mo sùn títí oòrùn fi yọ. Láti oṣù kẹsàn-án, n kò sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Àlàrùbá, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n.

Dayọ̀ wá wò wá. Ó dúró lẹ́bàá òpó méjèèjì, kò wọlé. Ó ní àwọn oníbàárà ń wá mi káàkiri Òtu, ó ní kànga ilé-ìwé kan ti dákẹ́, àwọn ọmọ ń gbé omi láti ilé. Mo ní màá wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà sọ fún mi ní oṣù kejìlá gan-an nìyẹn."

Mo bínú sí i. Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ, pé ojú ni àwọn ará ìta fi ń wò wá. Ó wò mí, ó gun ọ̀kadà tó gbé e wá. Ó ti lọ tán kí n tó rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. "Àwọn ará ìta." Òun ni mo sọ ọ́ fún, àna mi.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì.

Ooru ti dé. Mo lọ fún Màmá Dúróríkẹ́ ní omi, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré kan ló wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó ti dúdú, ó ti ń rùn. Ó fi ìró bò ó kíákíá.

Òun ló gba Mujeebat mọ́ra níbí. Òun ló kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni ọmọ náà máa ń jẹ tó bá jí?" Mujeebat ló sọ ìyẹn fún mi. Ó ní ìgbà tí òun gbọ́ ìbéèrè yẹn ni òun mọ̀ pé òun kò ní lè má padà wá.

Mo ní kí n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Ó ní Bàbá Ìsinmi ti sọ pé ara tó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán yóò wo ara rẹ̀ sàn. Wọn kì í mu oògùn ìta níbí. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò kà á sí nǹkan kan torí pé ara mi le.

Mo rò pé ẹlòmíràn yóò sọ̀rọ̀. Caleb rí i. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Beauty, tó ń dáná, rí i. Ó dà bíi pé oníkálukú wa ń retí ẹnìkejì.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án.

Ìjókòó ńlá ni tòní, tọkùnrin tobìnrin papọ̀. Mo dìde. Mo ní ẹsẹ̀ Màmá ti ń jẹrà, mo fẹ́ gbé wọn lọ sí Ṣakí ní kùtùkùtù ọ̀la, tí wọ́n bá tọ́jú wọn tán màá dá wọn padà.

Gbogbo wọn wo Bàbá Ìsinmi. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Samsudeen, ọjọ́ tó yẹ kí o sáré, o ní alùpùpù bà jẹ́. Lónìí tí a ní kí o jókòó, o fẹ́ sáré. Ta lò ń sáré fún?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí ní "ìwọ".

Mujeebat jókòó láàárín àwọn obìnrin. N kò lè wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń fa òwú kan yọ létí ìró rẹ̀ láti ìgbà tí mo dìde. Ó dá a dúró.

Mo jókòó. Wọ́n ní, "A gbọ́."

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá.

N kò gbé alùpùpù jáde. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: mo jí, mo lọ sóko, mo kọ ebè.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá. Ṣakí.

Àárọ̀ kùtù, Mujeebat dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọkùnrin, níbi tí obìnrin kì í dé. Láti Jímọ̀ kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti di gèlè mọ́ ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù.

Ó ní, "Ẹ gbé alùpùpù jáde."

Mo ní, "Mujeebat, ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn—"

Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ nísinsìnyí. A ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

A gbé Màmá sáàárín wa. Kò kọ̀, kò gbà. Ara rẹ̀ ń jó bí ààrò. Nígbà tí mo ṣáná sí alùpùpù, gbogbo ibùdó ti jáde. Ọkàn mi ti ń wá ibi tí màá gbà tí wọ́n bá dí wa lọ́nà. Wọn kò dí wa. Bàbá Ìsinmi kọ ẹ̀yìn sí wa. Caleb kọ ẹ̀yìn. Beauty kọ ẹ̀yìn, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀yìn ọgọ́ta èèyàn ni mo gbà kọjá dé ibi òpó méjèèjì. Ká ní wọ́n gbé igi dání ni, ìbá rọrùn fún mi. Ọwọ́ mi fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì náà. Mujeebat na ọwọ́ kọjá lára Màmá, ó fi gbá mi lẹ́yìn.

N kò mọ ìgbà tí a kọjá Àgọ́-Àrẹ.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàlá.

Àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn, ní ká ní a gbé e wá ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtàǹpàkò nìkan ni wọn ìbá gé.

Mo ka ọjọ́ náà. Àtàláátà tó kọjá ni mo rí i.

Orí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù ni Mujeebat ti bá mi sọ ọ́. Ó ní, "N kò bínú pé ẹ pẹ́. Bóyá ọmọ náà ìbá kú náà, bóyá kò ní kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ogún ọkùnrin ló gbọ́ ọ kí n tó gbọ́."

Mo bi í bóyá òun náà sọ ohun tí n kò mọ̀ fún àwọn obìnrin.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

N kò béèrè ohun tó jẹ́. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní ká lọ ra aṣọ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Ọmọ Màmá tó wà ní Ìbàdàn ní òun yóò gbìyànjú láti wá. Ìgbà kẹta tó sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Ilé Ìsinmi wá. Àwọn mọ́kànlá. Bàbá Ìsinmi kò sí nínú wọn. Mo dìde láti lé wọn, mo ti ṣetán láti jà. Beauty kọjá lára mi, ó gbé abọ́ omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara Màmá. Òmíràn ń di irun rẹ̀. Caleb fọ ike ìtọ̀ rẹ̀, kò pajú dé. Gbogbo wọn mọ bó ṣe ń fẹ́ kí wọ́n to ìrọ̀rí sí i. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé òun kò rí irú ẹbí báyìí rí ní wọ́ọ̀dù àwọn.

Àwọn tó kọ ẹ̀yìn náà nìwọ̀nyí. N kò mọ ibi tí màá fi ìbínú mi sí.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Mo bi Màmá léèrè bóyá lóòótọ́ ló fẹ́ padà sí Ilé Ìsinmi.

Ó ní, "Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dá gbé yàrá kan ní Ìsẹ́yìn. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan tó mọ̀. Rótìmí ṣi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi sọ, mo mọ̀. Kì í ṣe pé mo gọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣubú níbẹ̀, wọ́n á gbọ́."

Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Òtu.

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí lórí. "Ẹ̀yin méjì tí ẹ ò tíì mọ bí ẹ ó ṣe gbé pẹ̀lú ara yín?"

Jímọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta.

Wọ́n dá Màmá sílẹ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan láti Ilé Ìsinmi ló wá gbé e. Mujeebat gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó gbé e wọ inú ọkọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀, èkejì wà nílẹ̀. Beauty ti sún láti fún un láyè.

Mo dúró ti alùpùpù. N kò lè sọ pé kó má lọ. Kí ni màá fi dè é?

Ó ní, "Tí mo bá bá yín lọ sílé, ta ni yóò máa bá mi jókòó?"

Mo ní, "N kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Màá jókòó. Tí n kò bá mọ ohun tí màá sọ, n kò ní sọ nǹkan kan."

Dírẹ́bà fun fèrè. Màmá ló sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀, "Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi, oòrùn ń mú." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn mi. Kò di ìbàdí mi mú bó ti máa ń ṣe, irin ẹ̀yìn ló dì mú títí a fi dé Òtu.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ.

Òjò àkọ́kọ́, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo tún kànga ilé-ìwé náà ṣe.

Ìyá Ràmọ́nì wá kí Mujeebat káàbọ̀. Ó gbàdúrà púpọ̀, ó ní Ọlọ́run yóò pa èyí tó lọ rẹ́, yóò fi tuntun dípò. Mujeebat kúnlẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àwáwù lorúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Ọlọ́run pa á rẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ kó tó lọ, ó sì bá a ṣa ewébẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ààwẹ̀ di méje.

Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí a délé. Lẹ́yìn àsárì, a máa ń gbé àga jáde sẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ mìíràn a máa ń sọ̀rọ̀ Àwáwù, ọjọ́ mìíràn a máa ń dákẹ́, èmi sì máa ń wá iṣẹ́ fún ọwọ́ mi. Ìjókòó ẹni méjì nira. Tí ọ̀kan bá sunkún, kò sí ẹlòmíràn tí èkejì lè wò.

Lónìí mo bi í bóyá ó máa ń wù ú láti padà.

Ó ní, "Lójoojúmọ́." Ó gbé dàbínù sínú abọ́, ó ń ṣa ẹ̀gbin kúrò lára rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mo ní, "Lójoojúmọ́."

Wọ́n pe ìrun ní mọ́sáláṣí. Ó na abọ́ náà sí mi, a ṣínu.